Àtúnṣe Tó Ń Pa Ìtàn Rẹ́: Aago Àtijọ́ àti Ẹ̀rí Ọwọ́ Tó Tún Un Ṣe

Ìfáàrà

Kí aago tó di ohun tí ojú ń wò, ohun tí etí ń gbọ́ ni ó jẹ́ ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí. Ẹ̀rí èyí wà nínú àwọn èdè wa. Nínú èdè Yorùbá, agogo ni irin tí a ń lù kó dún. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí aago, nígbà tí a pa kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ jẹ tí àrànmọ́ fáwẹ́lì sì tẹ̀ lé e. Àwọn Haúsá ń pe ohun èlò náà ní agogo bíi tiwa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ wákàtí, ƙarfe ni wọ́n ń lò, ìyẹn irin: ƙarfe uku ni aago mẹ́ta. Nínú èdè Ewe, gaƒoƒo ni wákàtí. Lílu irin ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Dɔn tí àwọn elédè Twi ń lò fún agogo ni wọ́n ń lò fún aago pẹ̀lú. Elekere ti àwọn Ìgbò, tó dà bí ẹni pé ara èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá a, ló yà kúrò ní ọ̀nà yìí.

Etí tí a fi mọ aago yìí náà ni a ṣì fi ń dá ẹjọ́ aago. Bí aago àtijọ́ bá dákẹ́, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnaagoṣe. Bí ó bá dá a padà, a ó gbé e sí etí. Bí ó bá ń dún, a ó sanwó, a ó sì dúpẹ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdájọ́ etí yìí kò tó. Aago lè máa dún, kí àtúnṣe tí a ṣe fún un sì ti bà á jẹ́ ju bí ó ti wà nígbà tí ó dákẹ́ lọ. A ó tọpasẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ aago àti àwọn olóhun ṣe ti ń kojú ìṣòro yìí láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di òní. A ó sì rí i pé kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni.

Gírámà èdè wa pàápàá ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Túnṣe àti bàjẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe elélà méjèèjì. A ń sọ pé 'ó tún aago ṣe'. A tún ń sọ pé 'ó ba aago jẹ́'. Àárín ni aago máa ń wà. Bákan náà, ẹni tó tún nǹkan ṣe, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ìbéèrè tó kù ni èyí: ṣé ẹni kẹta tó bá dé lẹ́yìn ọ̀la yóò lè mọ ọwọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ohun Tí Etí Kì Í Gbọ́

Aago tí kì í lo bátìrì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Sípíríǹgì kan tí a wé mọ́ra ni agbára rẹ̀. Bí sípíríǹgì yìí ti ń tú díẹ̀díẹ̀, ó ń ti àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín. Ẹ̀yà kan tó rí bí ìdákọ̀ró ń dá wọn dúró, ó sì ń tú wọn sílẹ̀ ní eyín kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ kan tó ń mì lọ mì bọ̀ ló ń pàṣẹ ìgbà tí ìdákọ̀ró náà yóò ṣí. Sípíríǹgì kejì, tó tín-ín-rín bí irun orí, ló sì ń dá kẹ̀kẹ́ náà padà ní gbogbo ìgbà tó bá mì. Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kéde irú sípíríǹgì yìí fún aráyé ní 1675. Ní 1704, Nicolas Fatio de Duillier àti àwọn ará ilé Debaufre gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa lo òkúta iyebíye tí a lu ihò sí, kí ẹnu ọ̀pá kẹ̀kẹ́ máa yí nínú rẹ̀, kí irin má baà máa jẹ irin. Ní àárín ọ̀rúndún kan náà ni Thomas Mudge, oníṣẹ́ aago ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe irú ìdákọ̀ró tí ọ̀pọ̀ jù lọ aago ọwọ́ ń lò títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ yìí ti fínjú tó. Nínú ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n ṣe ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ìró 18,000 ló ń jáde ní wákàtí kan, ìyẹn márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Bí aago bá fi ẹyọ kan péré yẹ̀ nínú 10,000, yóò ti fi ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ ṣáájú tàbí kẹ́yìn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìdí nìyí tí ohun tí ojú lásán kò rí fi lè ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí àtúnṣe burúkú máa ń bàjẹ́ ni ibi tí òróró wà. Òróró tó ti pẹ́ máa ń ki, eruku á sì há sínú rẹ̀. Atúnaagoṣe tó bá kán òróró tuntun lé ògbólógbòó lórí láìtú aago palẹ̀ kí ó fọ̀ ọ́, ohun tó ń lọ irin ló pò. Aago náà yóò dún, inú olóhun yóò dùn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dún ló ń jẹ ara rẹ̀. Bí òróró bá sì kan sípíríǹgì tín-ín-rín nì, àwọn ìlọ́po rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, aago á bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Òmíràn ni ìṣó tí a ń yí wọlé. Bí irin tí wọ́n fi tú u kò bá bá ojú rẹ̀ mu, ojú náà á ya, ẹni tó bá sì tún dé á ní láti fi ipá tú u. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni dídán ilé irin aago. Ẹlòmíràn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ inú, ṣùgbọ́n yóò fi kẹ̀kẹ́ ìdánrin fá ara aago títí igun rẹ̀ yóò fi di roboto, tí àmì wúrà tàbí fàdákà tí wọ́n tẹ̀ sí i ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é yóò fi pa rẹ́. Ìyẹn ni à ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹlòmíràn á tún ojú aago kùn, á sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sí i ní ìkọ̀wé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ewu ara wà nínú èyí pẹ̀lú. Láti nǹkan bí àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní títí wọ inú àwọn ọdún 1960, ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ rádíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kùn sójú ọ̀pọ̀ aago kó lè máa tàn lóru. Ẹni tó bá ń ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kúrò láìbo imú, májèlé ló ń fà símú.

Gbogbo àbùkù wọ̀nyí ni nǹkan méjì so pọ̀. Èkíní, etí kò lè gbọ́ wọn lọ́jọ́ tí a bá gba aago padà. Èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé dá padà. A lè fọ òróró kúrò. A kò lè dá irin tí a ti fá dànù padà sára aago. Bí ẹyin ni wọ́n rí: bí wọ́n bá bọ́, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́.

Ìwé Roboto Inú Aago

Ìjà lórí iṣẹ́ aago tí kò dára ti pẹ́. Ní 1631, Ọba Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Aago Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé àṣẹ. Ìwé yìí fún àwọn olórí ẹgbẹ́ ní agbára láti wọ ṣọ́ọ̀bù ní ìlú náà àti ní ìwọ̀n máìlì mẹ́wàá yí i ká, láti yẹ iṣẹ́ wò, àti láti gba èyí tí kò dára kí wọ́n sì bà á jẹ́. Òfin yìí le, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti lóye: aago tuntun tí kò dára, ẹ fọ́ ọ, kó má baà tan ẹni tó fẹ́ rà á jẹ. Àmọ́ irú ìdájọ́ yìí kò lè yanjú ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Aago tí wọ́n tún ṣe kì í ṣe ti atúnaagoṣe. Ti olóhun ni. Bí a bá fọ́ ọ nítorí àtúnṣe burúkú, olóhun ni a fìyà jẹ.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún fi dáhùn ìṣòro yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ilé méjì ni aago àpò máa ń ní nígbà náà, ọ̀kan nínú èkejì. Láàárín wọn ni wọ́n máa ń fi ìwé roboto kan sí, kí irin má baà máa ha irin. Àwọn atúnaagoṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn sójú ìwé yìí. Bí wọ́n bá sì tún aago kan ṣe tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi kálámù kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ olóhun tàbí iye tí ó san. Àwọn mìíràn kì í yọ ti ẹni tó ṣáájú kúrò. Wọ́n á kó tiwọn lé e lórí. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ló wà ní ilé ọnà lónìí. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó ní wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ilé méjì yìí kásẹ̀ nílẹ̀, àṣà náà kò kú. Àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ fín àmì wẹ́wẹ́ sí inú ìdérí ẹ̀yìn aago: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà díẹ̀, déètì. Ẹni tó bá ṣí aago baba ńlá rẹ̀ tó sì fi awò wò ó lè rí irú àmì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ti oníṣẹ́ oríṣiríṣi ní ìlú oríṣiríṣi. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìha lásán ni. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ dán an kúrò. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìtàn ni. Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ ni pé: èmi lágbájá ti dé ibí, lọ́jọ́ báyìí, bí nǹkan bá yẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bi.

Ìṣẹ́jú Mẹ́rin ní Kipton

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àkọsílẹ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Kipton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórí ọ̀nà ilé-iṣẹ́ Lake Shore and Michigan Southern. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́jọ ló kú. Ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ méjèèjì ń lò. Aago ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ń sọ ìgbà tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà fún èkejì. Ìtàn tó gbilẹ̀ nípa ìjàǹbá náà ni pé aago ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí dún láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, kò tún sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé dídún aago kì í ṣe òtítọ́ aago.

Lọ́dún kan náà, ilé-iṣẹ́ náà yan Webb C. Ball, oníṣẹ́ aago ní ìlú Cleveland, gẹ́gẹ́ bí alábòójútó aago. Ètò tí Ball gbé kalẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mìíràn. Aago òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ yẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí. Káàdì kan sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ èsì àyẹ̀wò sí: ìwọ̀n tí aago fi yẹ̀, àti bóyá ó ń ṣáájú tàbí ó ń kẹ́yìn.

Ohun pàtàkì nínú ètò yìí ni pé kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu atúnaagoṣe. Bí aago bá ti ọ̀dọ̀ àtúnṣe dé, káàdì ni yóò sọ, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bóyá ó sàn tàbí kò sàn. Ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ etí, ó bọ́ sọ́wọ́ ìwé.

Ọwọ́ Harrison àti Ọwọ́ Gould

Àpẹẹrẹ tó ga jù lọ nínú ìtàn yìí wà ní Greenwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1714, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà ṣe ìlérí £20,000 fún ẹni tó bá lè rí ọ̀nà tí ọkọ̀ lójú òkun yóò fi mọ bí òun ti jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó. John Harrison, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Yorkshire ní 1693, pinnu láti fi aago yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí atukọ̀ bá mọ aago mélòó ló lù ní ilé lásìkò tí oòrùn wà ní àtàrí rẹ̀ lójú òkun, yóò lè ṣírò ibi tó wà. Harrison ṣe aago mẹ́rin tí a mọ̀ lónìí sí H1, H2, H3 àti H4. H3 nìkan gba nǹkan bí ọdún 19 lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yà 753 ló sì wà nínú rẹ̀. H4, tó parí ní 1759, ló dà bí aago àpò ńlá. Nígbà tí William ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Jàmáíkà ní 1761, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni ó fi yẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 81.

Àwọn aago yìí kò rí ìtọ́jú tó yẹ wọ́n. Ní 1766, Nevil Maskelyne, olórí ilé ìwo-ìràwọ̀ ọba, lọ kó wọn nílé Harrison lórúkọ ìjọba. H1 bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e, ó jálẹ̀. Ọ̀rúndún kan àti ààbọ̀ kọjá. Ní 1920, Rupert Gould, ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn ní Greenwich nínú ìdọ̀tí àti ìpẹtà. Gould kò kọ́ iṣẹ́ aago lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Ó tọrọ àyè láti tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbà fún un. H3 gba ọdún méje lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1933 ni ó parí H1, aago tó jálẹ̀ nì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Bí a bá fi ojú oníṣẹ́ wo Gould, a lè béèrè pé: ta ni ó fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ní irú ohun ìṣúra bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́. Àwọn ẹ̀yà kan ti sọnù lára H1, ó sì di dandan kí wọ́n ṣe tuntun dípò wọn. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀yà tuntun sára aago Harrison ti wọ inú iṣẹ́ Harrison. Ṣùgbọ́n Gould ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá kò ṣe. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ 18 ló kún fún àwòrán aláwọ̀ àti àlàyé: ohun tó bá, ohun tó tú, ohun tó ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ó di dandan lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1948 kí àwọn mìíràn tún tú àwọn aago náà, wọn kò bá òkùnkùn pàdé. Wọ́n lè mọ ọwọ́ Gould yàtọ̀ sí ọwọ́ Harrison. Níbi tí ó bá ti kùnà, wọ́n lè tọ́ ọ sọ́nà láìfọwọ́ kan ohun tó jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì tún wà níbẹ̀. H1, H2 àti H3 ṣì ń dún ní Greenwich. H4, tó lókìkí jù, ni wọ́n dá dúró. Òróró ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ nílò, òróró sì ń gbó. Bí ó bá ń dún lójoojúmọ́, yóò máa jẹ ara rẹ̀. Àwọn tó mọyì rẹ̀ jù lọ ni wọ́n yàn pé kó dákẹ́. Ìtọ́jú aago lè jẹ́ pé kí a má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá.

Nígbà Tí Bátìrì Dé

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Seiko ní Japan gbé Astron jáde, aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà tó ń lo bátìrì àti òkúta kúọ́tìsì. Láàárín ogún ọdún, ìyípadà náà kárí ayé. Ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ aago ti tó nǹkan bí 90,000 ní 1970, iye wọn ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń parí lọ. Ìró ìyípadà náà dé Èkó, Kánò, Àkúrà àti Kútọnu. Atúnaagoṣe tó ń jókòó sídìí àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rí i pé bátìrì àti okùn aago ni ó kù tó ń mówó wọlé. Ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kó fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ti ń tọ́ sípíríǹgì tín-ín-rín sọ́nà kò rí ohun tí yóò fi jẹun níbẹ̀. Nígbà kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aago olówó ńlá kò ta ẹ̀yà fún oníṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé láti inú òkú aago ni wọ́n ti ń wo aago alààyè sàn. Wọ́n á yọ kẹ̀kẹ́ lára ọ̀kan, wọ́n á gbé e sínú èkejì. Kò yẹ kí a fi èyí nìkan dá oníṣẹ́ lẹ́bi. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ aago àwọn bàbá wa ìbá ti di ìdọ̀tí. Ibi tí ẹ̀bi ti wọlé ni ìgbà tí a bá gbé ẹ̀yà àjèjì sínú aago láìsọ fún olóhun, tí a sì gba owó ẹ̀yà tòótọ́.

Ohun Tí Olóhun Lè Ṣe

Kí ni kí ẹni tí àtúnṣe aago àtijọ́ rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn ṣe? Ìtàn tí a ti sọ yìí fúnra rẹ̀ dáhùn. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó má ṣe wé aago náà mọ́, kí ìbàjẹ́ má baà máa pọ̀ sí i. Kí ó má sì sáré gbé e fún ẹlòmíràn pé kó 'tún un tún ṣe', nítorí ọwọ́ kẹta tó bá yára wọlé yóò pa ipasẹ̀ ọwọ́ kejì rẹ́, kò ní sí ẹ̀rí mọ́. Kí ó ya àwòrán rẹ̀, inú àti òde. Bí ó bá ṣe é ṣe kí aago náà dún láìséwu, kí ó fi í wé aago mìíràn tó péye fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì kọ ìwọ̀n tó fi ń yẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káàdì Ball. Ọ̀rọ̀ náà 'aago mi kò dára' kò lágbára. 'Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sáré lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún' ní agbára.

Lẹ́yìn èyí, kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tún un ṣe pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ẹ bá nínú rẹ̀? Kí ni ẹ pààrọ̀? Níbo ni ògbólógbòó ẹ̀yà tí ẹ yọ wà? Oníṣẹ́ òótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Kí olóhun gba ògbólógbòó ẹ̀yà rẹ̀ padà, bí ó tilẹ̀ ti kán, nítorí ẹ̀yà tó kán ni ìwé àpẹẹrẹ fún ẹni tí yóò ṣe tuntun.

Òfin tún wà lẹ́yìn olóhun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 sọ pé a gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú àti ìmọ̀ tó yẹ ṣe iṣẹ́ tí a gbà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe tàbí kí wọ́n dín owó kù. Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣàtúnṣe àbùkù rẹ̀ tàbí kí ó dá lára owó padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára òfin mọ. Òfin lè dá náírà padà. Kò lè dá igun tí wọ́n ti fá padà sára aago. Nítorí náà, kí a tó gbé aago sílẹ̀ ni ìwé ti wúlò jù: kí a kọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe, kí a sì kọ ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. 'Ẹ má dán an, ẹ má kun ojú rẹ̀' jẹ́ gbólóhùn kúkurú tó lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún là.

Àgbálọgbábọ̀

Àwa olùkọ́ èdè kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa náà ń tún ohun àtijọ́ ṣe. Láti ìgbà ìpàdé tó wáyé ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti yí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ èdè Yorùbá padà. Ẹni tó bá tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ lè kọ 'ayé' sí ibi tí òǹkọ̀wé kọ 'aiye', kí ó kọ 'ènìyàn' sí ibi tí òun kọ 'enia'. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe é láìsọ, òun náà ti dán aago. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn aṣáájú ṣe gbọ́ ìró èdè náà, tí wọ́n sì wá ọ̀nà láti kọ ọ́, kò ní rí ipasẹ̀ kankan. Ìwé náà yóò máa kà geere, gẹ́gẹ́ bí aago tó ń dún.

Ohun tí ìwé roboto inú aago, káàdì Ball àti ìwé 18 Gould jọ fi yé wa kò pọ̀. Kò sí àtúnṣe tí kì í fi ọwọ́ ẹlòmíràn kún iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́, kò sì sí ọwọ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Àtúnṣe tó kùnà, tó sì ní àkọsílẹ̀, a ṣì lè tún un ṣe. Àtúnṣe tó dà bí ẹni pé ó yọrí, ṣùgbọ́n tó fi ara rẹ̀ pamọ́, ni kò ní oògùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní aago àtijọ́ lọ́wọ́, kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ sínú rẹ̀ ẹni tó ṣí i, ọjọ́ tó ṣí i, àti ohun tó ṣe sí i. Ọjọ́ tí ó bá fi aago náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó fi ìwé náà tẹ̀ lé e.